Pot of Greed tí mo fi pààrọ̀ dírágónì

Ọmọ àǹtí mi kan wà ní SS2, ilé wọn ò jìnnà sí Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ọjọ́ tí kì í fi àwòrán káàdì géèmù ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Á kàn ya káàdì náà lójú fóònù, á kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i nísàlẹ̀: "Bọ̀dá, ó dáa?" Kò ní sọ dẹ́ẹ̀kì tó fẹ́ fi sí, kò ní sọ ìyà tó jẹ ẹ́ tó fi ń wá káàdì tuntun, ó dáa àbí kò dáa nìkan ló fẹ́ gbọ́, bí ẹni ń bi ìyá oníṣu pé ṣé iṣu yìí ò ní kan báyìí. Ọ̀rọ̀ káàdì ò sì rí bẹ́ẹ̀. Mo ti fi voice note dáhùn títí ó sú mi, dátà mi náà ń lọ, ni mo bá ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbí, tó bá tún bi mí màá fi línkì ránṣẹ́ sí i.

Yu-Gi-Oh ni mò ń sọ o. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, géèmù káàdì àwọn ará Japan ni, Konami ló ń ṣe é, 1999 ló bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó dé Amẹ́ríkà ní 2002. Ẹni méjì ló ń ta á, kálukú pẹ̀lú dẹ́ẹ̀kì tó fọwọ́ ara ẹ̀ tò, káàdì 40 ó kéré tán, kò gbọdọ̀ ju 60 lọ, irú káàdì kan náà ò sì gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ nínú ẹ̀. Ẹ̀mí kálukú jẹ́ 8000, ẹni tí tiẹ̀ bá kọ́kọ́ di òdo ti lọ nìyẹn. Orí fóònù la ti ń ta á báyìí, Master Duel tó jáde ní January 2022, ṣùgbọ́n ní tèmi o, ojúde ilé ìyá bàbá mi níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú káàdì ayédèrú.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lásìkò tèmi ò lè gbàgbé àwọn káàdì yẹn. Náírà 50 ni páálí kan, ìyá tó ń ta bisikíìtì àti bàlúùnù lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé wa ló ń tà á. Bébà ẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń bó tí òógùn ọwọ́ bá ti kàn án, gírámà tí wọ́n tẹ̀ sí i gan-an ò dúró ire. Kò sí ìwé òfin kankan nínú ẹ̀. Òfin tiwa la fi ń ta á, a kó díẹ̀ nínú katúùnù ẹ̀, a dá èyí tó kù sílẹ̀ fúnra wa: mọ́ńsítà tó bá wù ẹ́ ni wàá gbé jáde, iye tó bá wù ẹ́, kò sí pé ò ń fi nǹkan kan rúbọ, tó bá sì ti tún kàn ẹ́ wàá fa káàdì títí ọwọ́ ẹ á fi pé márùn-ún padà.

Lábẹ́ òfin yẹn ni mo ti fi Pot of Greed pààrọ̀ Blue-Eyes White Dragon. Mo tiẹ̀ tún fi gúgúrú lé e. Pot of Greed, nǹkan kan péré ló ń ṣe, fa káàdì méjì. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ, kò ní "àmọ́", kò ní "tó bá jẹ́ pé". Blue-Eyes ní tiẹ̀, átáàkì ẹ̀ jẹ́ 3000, kò sí nǹkan lọ́wọ́ àwa ọmọ ojúde tó lè dúró níwájú ẹ̀. Ẹni tó bá mọ Yu-Gi-Oh tí mo sọ ìtàn yìí fún, ẹ̀rín ló máa ń pa á, torí Pot of Greed lágbára débi pé wọ́n ti fòfin dè é tipẹ́tipẹ́, ẹyọ kan ẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ dẹ́ẹ̀kì níbi ìdíje, dírágónì yẹn ńkọ́, kó mẹ́ta sí i tó bá wù ẹ́, kò sẹ́ni tó máa dá ẹ lẹ́kun.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n gbèjà ara mi díẹ̀. Níbi tí ọwọ́ ẹ á ti ṣáà kún padà sí márùn-ún ní gbogbo ìgbà tó bá kàn ẹ́, kí lèèyàn fẹ́ fi káàdì méjì ṣe? Káàdì 3000 tí kò béèrè ẹbọ, òun lọba ojúde. N ò ṣòwò òmùgọ̀ o, òwò tó péye ni mo ṣe lọ́jọ́ yẹn, ibi tí mo ti kùnà ni pé mo rò pé òfin ojúde wa lòfin gbogbo ayé. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bi ọmọ àǹtí mi pé níbo lo ti fẹ́ ta á kí n tó lanu. Káàdì tó ń gé 1000 kúrò lára ẹ̀mí ẹni, ìdá kan nínú mẹ́jọ ló gé ní Master Duel, ṣùgbọ́n ní Duel Links, géèmù Yu-Gi-Oh míì orí fóònù, tó jẹ́ 4000 lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Káàdì kan náà o.

Ẹni tó wá ba ayé mi jẹ́ ni bọ̀dá kan tó wá lo họlidé láti Ìlọrin. Òun ti ka òfin gidi. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré lo lè gbé mọ́ńsítà kalẹ̀ látọwọ́ ẹ tó bá kàn ẹ́. Ó ní èyí tó bá ní ìràwọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, o máa fi mọ́ńsítà kan tó ti wà nílẹ̀ rúbọ kí tọ̀hún tó jáde, láti orí méje sókè, méjì. Mo yọ Blue-Eyes mi, mo ka ìràwọ̀ ara ẹ̀. Mẹ́jọ. Àyà mi já.

A ta á lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn lórí pèpéle. Mo gbé kékeré kan kalẹ̀, ó di ìgbà tó tún kàn mí kí n tó gbé èkejì, ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kí n tó kó àwọn méjèèjì kúrò nílẹ̀ kí n sì na dírágónì mi kalẹ̀. Gbogbo ọmọdé ojúde hó yèè. Bọ̀dá ò sọ nǹkan kan, káàdì kan ṣá ló ti dojú ẹ̀ délẹ̀ níwájú ara ẹ̀ látàárọ̀. Mo ní kí dírágónì lọ kọlu káàdì yẹn. Ó fi ìka kan ṣí i: Man-Eater Bug. Kòkòrò játijàti kan báyìí, átáàkì 450, dìfẹ́ǹsì 600, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ṣí i, mọ́ńsítà kan tó wà nílẹ̀ máa bá a lọ. Kòkòrò kú, dírágónì náà kú. Bọ̀dá gbé omi mu.

Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ìṣirò tó wà níbẹ̀. Káàdì mélòó ni mo fi sílẹ̀? Kékeré méjì tí mo fi rúbọ, dírágónì fúnra ẹ̀, mẹ́ta nìyẹn, tòun jẹ́ ẹyọ kan. Ká tiẹ̀ má sọ ti pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló kàn mí tí mo fi ń palẹ̀ mọ́ fún nǹkan tó parẹ́ nínú ìṣẹ́jú kan. Nọ́ńbà gàdàgbà tó wà nísàlẹ̀ káàdì, òun ló kẹ́yìn nínú ohun tí mò ń wò báyìí. Mo máa ń kọ́kọ́ wò ó pé kí káàdì yìí tó ṣiṣẹ́ ẹ̀, mélòó ni mo máa pàdánù, mélòó lẹni tó wà lódìkejì máa pàdánù. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan fún ẹyọ kan, a jọ wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ mẹ́ta mi fún ẹyọ ẹ̀, kó lẹ́wà bí ọmọge ọjọ́ ọdún, kò kàn mí.

Kẹ́ ẹ lè mọ bí fífa káàdì méjì ṣe wọ́n tó, ẹ wo àwọn ìkòkò àti irú wọn tí Konami ṣe lẹ́yìn Pot of Greed. Pot of Desires ń fa méjì, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ máa kó káàdì mẹ́wàá lórí dẹ́ẹ̀kì ẹ sọnù, ojú wọn á dé. Pot of Duality máa ṣí mẹ́ta hàn ẹ́, o mú ọ̀kan, o dá ìyókù padà, o ò sì ní lè ṣe Special Summon, ìyẹn gbígbé mọ́ńsítà jáde lọ́nà míì yàtọ̀ sí ẹ̀ẹ̀kan tí òfin fún ẹ, títí tìẹ fi máa parí. Upstart Goblin ní tiẹ̀ ẹyọ kan ló ń fà, ẹni tí ẹ jọ ń ta á á gba ẹ̀mí 1000 lé e. Iye tí wọ́n ń gbà lórí gbogbo ìwọ̀nyí, òun ni Pot of Greed ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́! Èmi fẹ́ràn Desires o, àwọn kan máa ń bẹ̀rù ẹ̀, wọ́n ní mẹ́wàá ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n tí nǹkan tó o nílò bá jẹ́ mẹ́ta mẹ́ta nínú dẹ́ẹ̀kì, jẹ́ kí mẹ́wàá lọ, ẹni tó gbójú lé ẹyọ kan ṣoṣo ló yẹ kó máa sá fún un.

Ìyá mi ò mọ Yu-Gi-Oh, ṣùgbọ́n ó mọ ọgbọ́n kan níbẹ̀ ju ọmọ ẹ̀ lọ, Whot ló ti kọ́ ọ. Ẹ wo 20 nínú Whot ná, kò sí káàdì tó dà bí ẹ̀, ibi tó bá wù ẹ́ lo lè gbé e lé, ohun tó bá wù ẹ́ lo máa ní kí wọ́n fún ẹ. Ṣùgbọ́n tẹ́nì kan bá jẹ, tí wọ́n ní kí kálukú ka tọwọ́ ẹ̀, 20 náà ni wọ́n máa kà sí ẹ lọ́rùn. Tí màmá bá ti rí i pé ó ku káàdì méjì lọ́wọ́ ẹnì kan, kíá ló máa ju 20 sílẹ̀, "èmi ò ní kú tòun ti ogún lọ́wọ́ o." Àwa ọmọ la máa ń fi pamọ́ dìgbà tó máa dùn, òun la sì máa ń kà kú.

Nítorí náà tí mo bá fẹ́ wo káàdì, ọjọ́ burúkú ni mo máa ń gbé e sí. Ilẹ̀ mi ṣófo, onítọ̀hún ti to mọ́ńsítà mẹ́ta kalẹ̀, ẹyọ káàdì kan péré ni mo fà. Ṣé mo fẹ́ kó jẹ́ ìwọ? Raigeki, bẹ́ẹ̀ ni, á kó gbogbo mọ́ńsítà ẹ̀ kúrò nílẹ̀. Axe of Despair tó ń fi 1000 kún átáàkì mọ́ńsítà, rárá, ta ló fẹ́ gbé àáké yẹn fún? Káàdì tó pọ̀ jù tí ọmọ àǹtí mi ń fẹ́ràn, irú àáké yẹn ni wọ́n, ìgbà tó bá ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń dùn.

Dẹ́ẹ̀kì 60 ló tún ń kó, ó ní gbogbo ẹ̀ ló dáa. Mo bá a ṣírò ẹ̀: tó o bá kó káàdì kan mẹ́ta sínú 40, kó o rí ó kéré tán ẹyọ kan nínú márùn-ún àkọ́kọ́, bí 34 nínú 100 ni. Kó mẹ́ta kan náà sínú 60, ó já sí bí 23. Ẹyọ kan nínú 40, méjìlá ààbọ̀ péré. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní "Bọ̀dá, ṣùgbọ́n èmi sábà máa ń rí i." Mi ò bá a jiyàn.

Kí wọ́n má sọ pé mo kórìíra Blue-Eyes, mi ò kórìíra ẹ̀ o. Àwọn tó ń ta á dáadáa lónìí kì í fi méjì rúbọ mọ́, wọ́n lè jù ú sí itẹ́ òkú, ibi tí káàdì tá a ti lò ń lọ, pẹ̀lú Trade-In, ìyẹn káàdì tó ń gba mọ́ńsítà onírawọ̀ mẹ́jọ kan lọ́wọ́ ẹ kó o fa méjì, wọ́n á wá fi Monster Reborn jí i dìde. Dírágónì yẹn ti di igi ìdáná nìyẹn kó tó di ọba. Nínú dẹ́ẹ̀kì tí kò ní àwọn wọ̀nyẹn, ẹrù lásán ni, ńṣe lá jókòó sí ẹ lọ́wọ́ bí àlejò tí kò fẹ́ lọ.

Ẹ wá wo Ash Blossom & Joyous Spring. Átáàkì ẹ̀ jẹ́ òdo. Òdo o! Ọmọbìnrin kan ni wọ́n yà síbẹ̀, òdòdó yí i ká, tó bá jẹ́ ojúde wa ọjọ́sí, a ò ní fi gúgúrú ẹyọ kan rà á. Ṣùgbọ́n tí onítọ̀hún bá fẹ́ mú káàdì látinú dẹ́ẹ̀kì ẹ̀ sọ́wọ́, tàbí tó fẹ́ gbé mọ́ńsítà jáde látinú ẹ̀, tàbí tó fẹ́ ju nǹkan látibẹ̀ sí itẹ́, wàá ju Ash látọwọ́ ẹ, nǹkan tó fẹ́ ṣe á dòfo. Kò dìgbà tó bá kàn ẹ́, kò dìgbà tó o bá gbé nǹkan sílẹ̀. Géèmù òde òní, ta ni kì í mú nǹkan nínú dẹ́ẹ̀kì? Ẹyọ kan fún ẹyọ kan ni tá a bá fojú lásán wò ó, ṣùgbọ́n nígbà míì ẹyọ tó o dá dúró yẹn ni gbogbo eré onítọ̀hún dá lé. Ní Master Duel, pọ́íńtì UR (ti irú káàdì tó ṣọ̀wọ́n jù) 30 ni wọ́n fi ń ṣe ẹyọ ẹ̀. Mo ní kí ọmọ àǹtí mi tọ́jú 90 kó ṣe mẹ́ta. Ó tọ́jú 90 lóòótọ́, ó fi ṣe dírágónì kan tó ní orí púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ya àwòrán ẹ̀ ránṣẹ́, "Bọ̀dá, ó dáa?" Tó bá fọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí, mẹ́wàá mẹ́wàá ló máa gbà padà. Mi ò lè bú u, èmi wo gan-an ni mo fẹ́ bú u.

Blue-Eyes tèmi? Ọdún tí mo wọ JSS2, pásítọ̀ kan wàásù pé ẹ̀mí òkùnkùn ló wà nínú àwọn káàdì yẹn, ìyá mi délé, ó kó gbogbo ẹ̀ síná lábẹ́ ìkòkò àmàlà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ojú dírágónì ń ká jọ. Lóṣù tó kọjá ni mo pàdé ẹni tí mo fún ní Pot of Greed, ní Under G níbí, ó ti ní irùngbọ̀n. Ó ní òun ṣì ní i, inú Bíbélì òun ló wà. Mo ní ṣé ó máa tà á fún mi. Ó ní kí n mú dírágónì òun wá, kí n má sì gbàgbé gúgúrú.