Ìbàdàn fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun: bùkà, Bódìjà àti ìkòkò tìrẹ

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Yunifásítì Ìbàdàn tàbí Pólì, oúnjẹ ló kọ́kọ́ ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ìwé. Owó oṣù tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé á ti tán kí oṣù tó dé ìdajì, torí iwájú géètì ló ti ń rà jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, agolo-agolo ló sì ń ra gààrí. Bẹ́ẹ̀ ìlú tó wà yìí ni èlùbọ́ Òkè-Ògùn ti ń já, òun náà ni ọkọ̀ ẹ̀wà àti tòmátì láti Òkè Ọya ti ń sọ̀ sí. Ẹni tó bá mọ òsùwọ̀n ọjà n'Ìbàdàn, tó lè ro àmàlà, tó sì lè se gbẹ̀gìrì, á jẹun dáadáa títí oṣù á fi parí. Mo fẹ́ kí o mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí sáà àkọ́kọ́ tó tán.

Bùkà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ ṣá, kí ahọ́n rẹ lè mọ ohun tí yóò máa wá. Àmàlà tí wọ́n ń jẹ jù níbí ni àmàlà dúdú, ti èlùbọ́ iṣu. Láfún tí àwọn Ẹ̀gbá fẹ́ràn funfun ní tiẹ̀, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣíbí ńlá ni alásè fi ń bu àmàlà, nítorí náà, tí o bá ní “àmàlà méjì”, ṣíbí méjì lo rà yẹn. Wọ́n á da gbẹ̀gìrì àti ewédú sí i, wọ́n á wá bu ọbẹ̀ ata lé e lórí, abúlà nìyẹn. Ẹni tó wá láti ibi tí wọn kì í ti í jẹ gbẹ̀gìrì lè kọ́kọ́ máa wò ó tìfura-tìfura. Kí ó tọ́ ọ wò pọ̀ mọ́ ewédú, kì í ṣe lọ́tọ̀, torí àwọn méjèèjì ló ń gbé ara wọn ró.

Àmàlà fúnra rẹ̀ kì í gbówó lórí tó ẹran. Ṣàkì, fùkù, ẹ̀dọ̀, ìfun, bọ̀kọ̀tọ̀, pọ̀ǹmọ́, ògúnfe, oríṣiríṣi ló wà nínú agbada, iye wọn ò sì dọ́gba. Béèrè kí wọ́n tó gbé e sínú abọ́: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, èló ni ẹ̀yí?” Kò sẹ́ni tí yóò bínú sí ọ. Tó bá ti bọ́ sínú ọbẹ̀ rẹ tán, ó di tìẹ nìyẹn. Pọ̀ǹmọ́ ló rọ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn jù, ó sì ń gba ọbẹ̀ sára dáadáa. Ọ̀sán gangan ni kí o lọ, láàárín aago méjìlá sí méjì, tí àmàlà ṣì ń jáde láti orí iná. Èyí tó ti pẹ́ nínú kúlà títí di ìrọ̀lẹ́ á ti làágùn, á sì ti rọ̀ jù. Àmàlà tó dáa máa ń dán díẹ̀, kì í lẹ̀ mọ́ ìka, kì í sì í fà bí gọ́ọ̀mù. Bó bá ń fà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi láfún lú èlùbọ́ rẹ̀, tàbí kí ó má jinná.

Ọjà Bódìjà ló kàn. Láti géètì Yunifásítì Ìbàdàn (UI), Micra, takisí kékeré, tó ń lọ Bódìjà ni kí o wọ̀, kí o sì mú owó wẹ́wẹ́ dání. Bí awakọ̀ ò bá ní ṣéńjì, á so ẹ̀yin méjì pọ̀ mọ́ owó bébà kan, ẹ ó wá máa wá ẹni tó máa bá yín ṣẹ́ ẹ nígbà tí ẹ bá sọ̀. Tí o bá ti ń sún mọ́ ibi tí o ń lọ, pariwo “Ó wà o!” kó tó kọjá. Àárọ̀ ni ọjà máa ń tutù, tí o lè ṣa ọjà bó ṣe wù ọ́. Fún tòmátì àti ata nìkan ni ìrọ̀lẹ́ dára jù, torí alátẹ ò fẹ́ kó sùn sọ́jà, á já a wálẹ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n irú tòmátì bẹ́ẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí o sè é.

Kóńgò ni òsùwọ̀n gidi. Kóńgò ìrẹsì tó pé máa ń tó nǹkan bíi kílò kan ààbọ̀. Tí o bá ń ra ìrẹsì tàbí ẹ̀wà ní agolo mílíìkì nítòsí họ́sítẹ́ẹ̀lì, owó tí o ó san kí ó tó pé kóńgò kan á ju ti Bódìjà lọ dáadáa. Wo inú kóńgò kí wọ́n tó bu ọjà sí i, nítorí àwọn kan ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, ojú rẹ á rí i tó kún, ṣùgbọ́n kò pé. Ní kí wọ́n bù ú lé e téńté, kí o sì béèrè ènì. Ẹni tó bá kí ìyá ọlọ́jà “Ẹ kú ọjà, mà, ẹ ẹ́ tà á o” kó tó dúnàádúrà, ènì rẹ̀ kì í kéré. Tí owó ẹnì kan ò bá tó, kí ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin dá owó jọ, kí ẹ ra ìdajì àpò gààrí tàbí agbọ̀n tòmátì, kí ẹ fi kóńgò tàbí ike kan náà pín in lójú gbogbo yín. Òsùwọ̀n méjì ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́.

Èlùbọ́ gba kí o fara balẹ̀. Iṣu tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n sá sóòrùn títí ó fi gbẹ kanrin, tí wọ́n wá lọ̀ ni. Èyí tó gbẹ tí wọn ò tíì lọ̀ ni gbodo, èyí ni mo máa ń gbà ẹni tó bá ní sùúrù níyànjú pé kó rà, torí pé kò sẹ́ni tó lè lú u. Ṣẹ́ ẹ sí méjì: ó yẹ kó dún kọ̀, kí inú rẹ̀ má ní èérún, kí ihò wẹ́wẹ́ kòkòrò má sì pọ̀ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Bí ó bá jẹ́ pé èyí tí wọ́n ti lọ̀ lo máa rà, fi díẹ̀ sórí ahọ́n. Kò gbọ́dọ̀ kan, kò sì gbọ́dọ̀ máa rin lábẹ́ eyín, nítorí yanrìn nìyẹn. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kì í funfun báláú. Inú ike tó ní ọmọrí tó le ni kó máa wà, jìnnà sí ibi tí omi ti ń ta. Tí ọ̀rinrin bá kàn án, ó di kókó, ó sì ń hu èébu. Èyí tó bá ti hu èébu, dà á nù, má jọ̀ ọ́ jẹ.

Fún ẹnì kan tí ebi ń pa, agolo mílíìkì méjì èlùbọ́ àti agolo mẹ́rin omi tó. Jọ̀ èlùbọ́ náà ná. Jẹ́ kí omi hó yaya, kó máa ta sókè, kì í ṣe kí ó kàn máa yọ èéfín. Bu agolo kan kúrò nínú omi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Rẹ iná sílẹ̀, da èlùbọ́ sí i, kí o sì gbá ọmọrógùn mú, kí o máa rò ó kíákíá, kí o máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò kí kókó lè fọ́. Ìgbà tó bá ti dán dọ́gba ni kí o tó wọ́n omi tí o bù sílẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kí o fi ọmọrógùn gún un níhò mélòó kan, kí o dé e, kí ó jinná lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin. Rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ohun méjì ló ń fa kókó: omi tí kò hó dáadáa, àti omi tí wọ́n fi kún un kí kókó àkọ́kọ́ tó fọ́. Bí omi bá ti yí kókó ká, yíyọ̀ ló máa ń yọ̀ lábẹ́ ọmọrógùn, apá rẹ ò ní í ká a mọ́. Tó bá sì ṣàn jù, o lè wọ́n èlùbọ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ tún dé e padà sórí iná, kó má baà máa rùn èlùbọ́ tútù.

Gbẹ̀gìrì gba àkókò ju gbogbo wọn lọ, ọjọ́ Sátidé ló bá a mu. Agolo ẹ̀wà méjì á tó ẹni mẹ́rin. Ẹ̀wà olóyin ni kí o rà, ó tètè ń jinná, ó sì ń dùn díẹ̀. Gbọ́ òórùn rẹ̀ lọ́jà, torí àwọn kan máa ń fi oògùn apakòkòrò pa á mọ́. Èyí tó bá ń rùn oògùn, fi í sílẹ̀ fún wọn. Rẹ ẹ̀wà sómi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Tó bá pẹ́ jù, ẹ̀wà fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ pẹ̀lú èèpo. Fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, da omi sí i, èèpo á léfòó, yí i dànù. Ṣe é lọ ṣe é bọ̀ títí tí ojú dúdú ẹ̀wà ò fi ní í sí mọ́. Má ṣe ọ̀lẹ níbí yìí, nítorí èèpo tó bá ṣẹ́ kù ló ń sọ gbẹ̀gìrì di ràkọ̀ràkọ̀, tí yóò sì máa ha ọ̀nà ọ̀fun.

Gbé e kaná pẹ̀lú omi tó ga jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti ìdajì àlùbọ́sà. Má dé ìkòkò pa pátápátá, torí ìfófòó rẹ̀ máa ń hó dànù, á sì pa iná gáàsì láìjẹ́ pé o mọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-dín-láàádọ́ta sí wákàtí kan, ẹ̀wà á ti yọ́. Fi ìjábẹ̀ já a, sẹ́ ẹ nínú asẹ́, kí o wá dá a padà sórí iná kékeré. Ìgbà yìí ni ata gígún, iyọ̀, irú díẹ̀ àti ṣíbí epo pupa méjì tó wọ ọ́. Láti ìgbà yìí lọ, má kúrò nídìí rẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ìkòkò ni ẹ̀wà tó ti yọ́ máa ń lẹ̀ mọ́. Tí o bá gbọ́ òórùn jíjóná, má fi ṣíbí kan ìdí rẹ̀, rọra da ti òkè sínú ìkòkò mìíràn, ó lè ṣeé gbà là. Ó yẹ kó ṣàn bí ògì tí kò ki jù lórí iná, torí tó bá tutù, á tún ki sí i.

Ewédú ò le ní tiẹ̀. Já ewé rẹ̀, jẹ́ kí omi díẹ̀ hó pẹ̀lú káún tí kò ju èékánná ọmọdé lọ, da ewé sí i, má dé e, kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣú. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje, ìjábẹ̀, irú, iyọ̀, ó parí. Káún púpọ̀ ló ń mú un korò.

Ti ọbẹ̀ ata, tàtàṣé márùn-ún, tòmátì mẹ́rin, àlùbọ́sà ńlá kan àti ata rodo mẹ́ta á dáa fún ẹni tí kò fẹ́ kí ó ta jù. Tí o bá gbé e lọ sí ẹ̀rọ, wo ohun tí ẹni tó wà níwájú rẹ lọ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀wà, bẹ wọ́n kí wọ́n fi omi ṣan ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó da tìrẹ sí i, torí ata tí ẹ̀wà bá kàn lára máa ń tètè kan. Nílé, sè é láìfi epo sí i títí tí omi rẹ̀ á fi gbẹ, kó tó di pé o dín in. Ata tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà tí epo wọ̀ ọ́ kì í tọ́jọ́.

Gáàsì kílò mẹ́ta tó akẹ́kọ̀ọ́ kan. Iye tí sílíńdà òfìfo wọ̀n wà lára ọrùn irin rẹ̀: kà á, fi kílò tí o sanwó fún kún un, kí o sì ní kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n lójú rẹ lẹ́yìn tí wọ́n bá rọ ọ́ tán. Fi fófòó ọṣẹ pa ojú rẹ́gúlétọ̀. Tó bá ń yọ ìfófòó, ó ń jò nìyẹn, má tan iná. Ìdáná, ìta tàbí kíṣínì ni, kì í ṣe yàrá tí o ń sùn.

Fún àtẹnujẹ, gúgúrú àti ẹ̀pà ò wọ́n níbikíbi. Dòdò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù tí wọ́n fi ata àti iyọ̀ lù kí wọ́n tó dín in, láti Ìkirè l'Ọ́ṣun ni ó ti ń wọ̀lú. Tí o bá ń fẹ́ fùrá dẹ nùnú, másà tàbí sùyà, Sábó ní Mọ́kọ́lá ni kí o lọ, àdúgbò àwọn Hausa láti ọdún 1916. Ní kí wọ́n tún gbé sùyà kaná kí wọ́n tó gé e, kí o sì jẹ ẹ́ tán lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bí kò bá sí fíríìjì, gbẹ̀gìrì ni kí o kọ́kọ́ jẹ tán. Tí o bá fi í sùn mọ́jú láìgbé e kaná, ìfófòó á bo ojú rẹ̀, á sì kan. Ọbẹ̀ ata tí o dín dáadáa lè lo ọjọ́ mẹ́ta, tí o bá ń gbé e hó láàárọ̀ àti lálẹ́, tí o sì ń fi ṣíbí gbígbẹ bù ú. Èyí tí o bá ti bù sínú abọ́, má dà á padà sínú ìkòkò.