Òrùka Ńkọ́? Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Àbúrò Mi Tó Ń Kọ́ Ẹ̀kọ́ Fíìmù

Mo ka àwọn àpilẹ̀kọ yín ní sáà ẹ̀kọ́ yìí, inú mi ò dùn. Ẹ rí ọ̀pá gígùn, ẹ ní nǹkan ọkùnrin ni. Ẹ rí ihò àpáta, ẹ ní ilé ọmọ ni. Ẹ ti sọ Freud, oníṣègùn tó ní ìfẹ́ kan máa ń fara sin sínú ọkàn ènìyàn, di ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀kọ́ méjì tí mo fi ojú winá kí n tó mọ̀.

Èkíní: ẹ wo fíìmù kí ẹ tó ṣí ìwé, kí ẹ sì tún un wò. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn.

Èkejì: ẹ má sọ ẹ̀dá inú fíìmù di aláìsàn tí ẹ ń tọ́jú. Ẹni tó wà láàyè ni Freud ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó lè ní “rárá, kò rí bẹ́ẹ̀.” Ẹ̀dá inú fíìmù ò lè jiyàn. Òǹwòran ló ní ọkàn tí ìfẹ́ fara sin sí. Ìdí nìyẹn tí Laura Mulvey, onímọ̀ nípa fíìmù, fi béèrè nínú ìwé ìròyìn Screen ní 1975 pé: ta ló ń wò, ta ni wọ́n ń wò, adùn wo ló sì wà nínú wíwò náà?

Ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n fi nà mí. Orí kan nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi dá lórí Rear Window, fíìmù Alfred Hitchcock ti 1954. Ẹsẹ̀ Jeff, ayafọ́tò kan, ti kán. Ojú fèrèsé ló ń jókòó sí, tó ń ṣọ́ àwọn aládùúgbò. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ tó kán yẹn dúró fún ọkùnrin tí agbára rẹ̀ ti tán. Mo kọ ọ́. Ó fi báírò pupa kọ “ó dára gan-an” sí i. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbèjà iṣẹ́ náà, olùyẹ̀wò tó ti ìta wá bi mí pé, “Òrùka ńkọ́?” Mi ò rí nǹkan sọ. Ọ̀gá mi wà níbẹ̀, tábìlì ló ń wò. Wọ́n dá orí náà padà, n kò sì lè bá àwọn ẹgbẹ́ mi jáde. Ó ṣì ń dùn mí pé ẹni tó ní kí n gba ọ̀nà yẹn kò la ẹnu.

Òrùka wo? Lisa, olólùfẹ́ Jeff, fẹ́ kí Jeff gbé òun níyàwó. Ó jókòó lé e nítan, ó ń fẹnu kò ó lẹ́nu, ọ̀rọ̀ Thorwald, aládùúgbò tí Jeff fura sí pé ó pa ìyàwó rẹ̀, ni Jeff ń sọ. Ẹni tó sún mọ́ ọn kò wù ú tó ohun tó wà ní òdìkejì àgbàlá. Àfìgbà tí Lisa fúnra rẹ̀ rékọjá sí ilé Thorwald lọ́hùn-ún, tó di ẹni tí wọ́n ń wò lókèèrè, ni ojú Jeff tó tàn sí i. Mulvey rí èyí kedere. Lisa wá fi òrùka ìgbéyàwó ìyàwó Thorwald bọ ìka ara rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń nàka sí i kí Jeff lè rí i. Ẹ̀rí ìpànìyàn ni. Òrùka tí òun náà ń fẹ́ sì ni, láìsọ ọ́ lẹ́nu.

Thorwald rí ìka náà, ó gbójú sókè, ó wo Jeff, ó wo àwa náà. Nígbà tó wọ yàrá Jeff, ohun tó kọ́kọ́ bi í ni pé kí ló fẹ́ lọ́wọ́ òun. Jeff ò fèsì. Àwa tí a jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Lisa ti sọ ọ́ ṣáájú: ojú òun àti Jeff fà ro nígbà tó jọ pé Thorwald kò pa ìyàwó rẹ̀! Ojú tiwa náà fà ro. A fẹ́ kó ti pa á. Ìfẹ́ tó fara sin nìyẹn, kò sí nínú ẹsẹ̀ kankan.

Orí tí mo tún kọ lórí òrùka yẹn ni àwọn olùkọ́ kan fi ń kọ́ni lónìí, mo sì ń fi yangàn. Ẹ lọ wo ìran òrùka náà, kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ bí ẹ ṣe ń wò ó, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Màá kà á dáadáa kí olùyẹ̀wò tó kà á, nítorí ẹnikẹ́ni kò ṣe ìyẹn fún mi.