Ọ̀pá òsì fún ọmọ tó ń fi ọ̀tún jẹun

Ọmọkùnrin mi pé ọdún mẹ́fà nígbà tó ní òun fẹ́ gbá họ́kì orí yìnyín. Ní Calgary, ní Kánádà, tí à ń gbé, ìyẹn kì í ṣe ohun tuntun. Inú mi dùn, torí èmi náà gbá họ́kì orí koríko nílé ìwé girama ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì gbà pé mo mọ ọ̀pá. Ohun tí mo mọ̀ yẹn gan-an ló ṣì mí lọ́nà.

Nínú họ́kì orí koríko, irú ọ̀pá kan ṣoṣo ló wà. Apá òsì rẹ̀ nìkan ló tẹ́ pẹrẹsẹ, apá yẹn la sì fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Bóo fi ọ̀tún kọ̀wé, bóo fi òsì kọ ọ́, bákan náà lo máa dì í mú: ọwọ́ òsì lókè, ọ̀tún nísàlẹ̀. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù tí mo rí ọ̀pá tí wọ́n kọ “Left” sí lára àti èyí tí wọ́n kọ “Right” sí, n kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó. Ọmọ tó ń fi ọ̀tún jẹun, kí ló fẹ́ fi ọ̀pá òsì ṣe? Ilé tí wọ́n ti ń sọ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni ni wọ́n ti tọ́ mi. Mo ra ti ọ̀tún.

Oṣù méjì gbáko lọmọ náà fi jìyà. Bó bá ti na ọ̀pá síwájú láti gba pọ́ọ̀kì, ìyẹn rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá bíi bọ́ọ̀lù, lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn, ọwọ́ òsì nìkan ló máa ń ṣẹ́ kù lórí ọ̀pá, kò sì lágbára. “Mọ́mì, ó ń yí mọ́ mi lọ́wọ́.” Mo ní kó tẹra mọ́ ọn. Ó ṣì ń dùn mí pé ohun tí mo sọ nìyẹn.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ló ní kí n ṣọ́ ọmọ náà nílé nígbà tó bá ń fi ṣọ́bìrì kó sínóò, kí n má sọ nǹkan kan fún un. Mo wò ó láti ojú fèrèsé: ọ̀tún lókè, òsì nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo gbé ìgbálẹ̀ onígi gígùn fún un. Bákan náà ni.

Ọwọ́ ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ọ̀pá lórúkọ, kò kan ọwọ́ ìkọ̀wé rárá. Ọwọ́ òkè ló ń darí ọ̀pá, òun ló sì máa ń kù lórí rẹ̀ tí èkejì bá ti tú sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń fi ọ̀tún kọ̀wé ní Kánádà fi ń gbá ọ̀pá òsì. Kì í ṣe òfin o. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń fi ọ̀tún kọ̀wé tí ọ̀pá ọ̀tún sì bá wọn lára mu, pàápàá ní Amẹ́ríkà.

Bí mo ṣe ra ọ̀pá òsì fún un nìyẹn. Nígbà tí màmá mi rí ọ̀pá tuntun náà lórí fídíò WhatsApp, wọ́n figbe ta: “Ṣé ọwọ́ òsì lẹ wá ń kọ́ ọmọ mi báyìí?” Mo sọ ìtàn Jarome Iginla, agbá-họ́kì orí yìnyín ọmọ Kánádà, fún wọn, tí bàbá rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, tí Adékúnlé wà lára orúkọ rẹ̀. Níbi àṣekágbá Òlíńpíìkì ọdún 2010 ní Vancouver, Iginla, tó ń gbá ọ̀pá ọ̀tún, ló ti pọ́ọ̀kì sí Sidney Crosby, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ikọ̀ Kánádà, tó ń gbá ọ̀pá òsì. Ìyẹn gbá a wọlé, Kánádà gba wúrà. Màmá dákẹ́ díẹ̀. “Igi ńlá? Ọmọ wa ni? Ẹ gbé ọ̀pá yẹn súnmọ́bí kí n rí i.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà fún ọmọ kékeré, ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀, ìyẹn ibi pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ń gbá pọ́ọ̀kì, ò tẹ̀ rárá, kó fi ṣeré lápá méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ ra èyí tó tẹ̀, ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síwájú: bó bá tẹ̀ sí ọ̀tún, ọ̀pá òsì nìyẹn. Èyí máa ń da èèyàn láàmú ní ṣọ́ọ̀bù. Bọ́mọ bá wọ bàtà yìnyín, kí orí ọ̀pá má fi bẹ́ẹ̀ ju àgbọ̀n rẹ̀ lọ. Èyí tó bá gùn jù, ẹ gé e. Ẹ má ra olówó gọbọi, ọmọ ń dàgbà.

Lọ́dún tó kọjá ó kan àbúrò rẹ̀ obìnrin. Mo fi ọ̀pá tí ò tẹ̀ sílẹ̀ ní pálọ̀, mo jókòó, mo ń wò ó. Ọ̀tún lòun náà fi ń jẹun, àmọ́ òsì ló gbé sókè. Ọ̀pá ọ̀tún la rà fún un.