Ọrùn ọmọ mi tó dúdú, mo ṣe bí ìdọ̀tí ni

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ó tó oṣù mẹ́ta tí mo fi ń fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú ha ọrùn ọmọ mi, ọmọ ọdún 11 ni nígbà yẹn, ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ dúdú, ó nípọn bí àrán, mo máa ń pariwo mọ́ ọn pé kì í wẹ̀ dáadáa, lọ́jọ́ kan mo ha á títí ara ẹ̀ fi bó, ọmọ náà ń sunkún pé "Mọ́mì, mo wẹ̀ o, mo wẹ̀." Ẹkún yẹn ṣì ń dùn mí.

Ibà lásán ló gbé wa dé ọsibítù. Dókítà ní kó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ló bá dákẹ́, ó wo ọrùn ẹ̀, ó wo abíyá ẹ̀, ó ní kó gorí ìwọ̀n. Ó ní ìdọ̀tí kọ́, pé insulin (èròjà tí ara fi ń darí súgà) tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ ara di bẹ́ẹ̀, ká lọ yẹ ẹ̀dọ̀ ẹ̀ wò. Ẹ̀dọ̀ ke? Ọmọ tó ń jẹun, tó ń sáré, tí nǹkan kan ò dùn ún? Èsì dé, ALT ẹ̀, ìyẹn èròjà tó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí nǹkan bá ń ṣe ẹ̀dọ̀, jẹ́ 71. Bébà láàbù ní kò gbọdọ̀ ju 40 lọ, dókítà ní ti àgbàlagbà nìyẹn, ti ọmọkùnrin ò yẹ kó kọjá 26, ti ọmọbìnrin 22. Wọ́n yẹ hepatitis wò, kò sí. Scan ló wá fi hàn pé ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀.

Mo ní "Dókítà, ọmọ yìí ò mutí rí o, oúnjẹ alẹ́ Olúwa gan-an ò tíì kàn án." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ló máa ń mu tó bá ti iléèwé dé? Malt. Tí kò bá sí malt, mínírà. Ṣebí àwa náà la máa ń sọ pé malt ń fúnni lẹ́jẹ̀! Ó ní ẹ̀dọ̀ ló ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú súgà yẹn, tí agbára ẹ̀ ò bá ká a mọ́, á sọ ọ́ di ọ̀rá, á kó o pamọ́ sínú ara ẹ̀. Mínírà 50cl kan lè ní ju ṣíbí tíì 10 súgà lọ.

Kò kọ oògùn kankan fún wa. Ó ní ká dá súgà dúró, kó máa gbá bọ́ọ̀lù, ká má sì gbé àgbo kankan fún un, torí ẹ̀dọ̀ tó ti ń ru ẹrù ni. Àfi bí ìyá ọkọ mi ṣe gbọ́ "ẹ̀dọ̀", wọ́n ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni, wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì àgbo kan ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo dà á sí gọ́tà, mo ní ó ti mu ún tán.

Àṣìṣe tí mo wá ṣe ni pé òun nìkan ni mo dá mínírà dúró fún. Àwọn àbúrò ẹ̀ ń mu tiwọn níṣojú ẹ̀, ló bá ń fi owó ọkọ̀ ra tiẹ̀ níléèwé. Ìgbà tí mo kó gbogbo ẹ̀ kúrò ní fíríìjì ló tó yé e pé kì í ṣe ìyà la fi ń jẹ ẹ́, omi ni gbogbo wa ń mu, ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i, èbà kéré sí i, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pè é ní orobo mọ́. (Bàbá wọn ń mu malt nínú mọ́tò. Mo rí agolo lábẹ́ síìtì, mi ò tíì sọ̀rọ̀.)

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ALT ti di 38. Ìwọ̀n ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, àmọ́ ọmọ náà ti ga sí i. Ọrùn ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Tí ọmọ yín bá sanra, tó ti tó ọdún 9, ẹ bi dókítà nípa ALT, ẹ má dúró de ìgbà tí inú máa run ún.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa lọ́dún Àjíǹde, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní "Ìyàwó, ara ọmọ yìí ti fúyẹ́ o."

Mo ní "Màmá, àgbo yín ló ṣiṣẹ́."