Kí ẹ tó ra jáàkì Ethernet: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ bọ́ọ̀dù

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá mi ní Lagere, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, pé kí n bá òun wá jáàkì Ethernet (ojú ihò tí a ń ki wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ̀) tí tiráńsífọ́mà wà nínú rẹ̀, chip tó fẹ́ lò ni mo kọ́kọ́ ń bi í. Ojú àwọn jáàkì yìí jọra, inú wọn ò jọra.

Centre tap, ìyẹn ẹsẹ̀ tí wọ́n fà jáde láti àárín wáyà tí wọ́n wé sínú tiráńsífọ́mà, ló ń dá wàhálà sílẹ̀. LAN8720, chip Ethernet tí ọ̀pọ̀ ń so mọ́ ESP32 (kọ̀ǹpútà kékeré orí chip), fẹ́ kí centre tap méjèèjì, ti ìfiránṣẹ́ àti ti ìgbàwọlé, gba iná 3.3V, torí ibẹ̀ ni iná tó fi ń ránṣẹ́ ti ń wọlé. KSZ8081, chip Ethernet mìíràn, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ má fún un níná níbẹ̀ o, kapásítọ̀ 0.1µF ni kí ẹ fi so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ gíráùndì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí jáàkì kan bá ti so méjèèjì pọ̀ nínú, tó wá yọ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo síta, mi ò ní gbà á fún KSZ8081, kódà kí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ. Jáàkì HR911105A tó kún ọjà yọ wọn síta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òun ni mo máa ń tọ́jú sílé.

Ẹ mú mítà dání lọ sọ́jà. Ọlọ́jà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, original ni, tiráńsífọ́mà wà níbẹ̀!" Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ yí mítà sí ibi tó ń dún, kí ẹ fi kan TD+ àti TD-, ẹsẹ̀ méjì tí a fi ń ránṣẹ́ lẹ́yìn jáàkì: ó gbọ́dọ̀ dún, torí wáyà tí wọ́n wé ló wà láàárín wọn. Ó gbọ́dọ̀ dún láàárín ihò 1 àti 2 níwájú náà. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn sí iwájú, kò gbọdọ̀ dún. Bí ó bá dún láti ẹ̀yìn sí iwájú, tí kò sì dún láàárín TD+ àti TD-, jáàkì lásán ni, kò sí tiráńsífọ́mà níbẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti injector áńtẹ́nà, ẹ̀rọ tó ń fi iná gba inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé wa. PoE (fífi iná ránṣẹ́ lórí wáyà Ethernet) tó bá òfin 802.3af mu á kọ́kọ́ wá résísítọ̀ 25kΩ lára ẹ̀rọ tó fẹ́ gba iná kó tó fi iná ránṣẹ́. Injector olówó pọ́ọ́kú kì í béèrè nǹkan kan, ó kàn ń da 24V sórí wáyà ni. Nínú ọ̀pọ̀ jáàkì, résísítọ̀ 75Ω wà lórí ihò 4 àti 5, òmíràn wà lórí 7 àti 8, wọ́n sì pàdé. Iná 24V lórí 150Ω, ó tó wáàtì mẹ́ta ààbọ̀ kọjá, lórí résísítọ̀ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ! Tí injector bá jẹ́ ti 48V, ó ti lé ní wáàtì 15. Ẹ wọn ihò 4 sí 7. Tí mítà bá kọ nǹkan bí 150, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí injector.

Kí ẹ tó fi fáìlì PCB (àwòrán bọ́ọ̀dù) ránṣẹ́ sí Ṣáínà, ẹ tẹ àwòrán ẹsẹ̀ jáàkì náà sórí bébà ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò rẹ̀, kí ẹ sì ki jáàkì bọ̀ ọ́. Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń to ẹsẹ̀ bákan náà. Àwọn tó ń tẹ̀wé ní Mayfair á bá yín tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣáà sọ fún wọn kí wọ́n má fi "fit to page" sí i.