Kí a tó fún ilé oúnjẹ ní ìwé ẹ̀yẹ ìmọ́tótó

Ìdánwò ọjọ́ kan kò tó. Ta ni kò lè fọ ilẹ̀ kó dán yinrin torí àlejò? Ní Denmark, níbi tí ìjọba ti ń fi àwòrán ojú ẹlẹ́rìn-ín sọ bí ilé oúnjẹ ṣe mọ́ tó, kí ilé oúnjẹ tó gba èyí tó ga jù, àyẹ̀wò mẹ́rin tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ ti jáde láìsí àbùkù. Ohun tó yẹ ká máa wò nìyẹn: ṣé bó ṣe mọ́ lónìí ló mọ́ lẹ́ẹ̀mẹta sẹ́yìn, láìsọ ọjọ́ tí a ń bọ̀ fún wọn?

Ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù ló ń já ọ̀pọ̀ kulẹ̀. Wọ́n á dé ìkòkò ńlá pa, wọ́n á gbé e bọ fíríìjì bó ṣe gbóná. Etí rẹ̀ á tutù, àárín rẹ̀ á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Clostridium perfringens kì í kú tán nínú ọbẹ̀ tó ń hó; bí ọbẹ̀ bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń jí, tó sì ń bí sí i. Ìdí nìyẹn tí ìlànà FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fi ní kí ọbẹ̀ kúrò ní 57°C dé 21 láàárín wákàtí 2, kó sì dé 5 láàárín wákàtí 4 mìíràn. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń dà á sínú àwo pẹrẹsẹ, kó má jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, kí wọ́n gbé e ka omi oníyìnyín, kí wọ́n máa rò ó. Wọn ò gbọ́dọ̀ dé e pa kó tó tutù.

Kí ẹ tó wọn ìgbóná oúnjẹ, ẹ kọ́kọ́ ki témómítà bọ yìnyín fífọ́ tí a bu omi díẹ̀ sí. Bí kò bá ka 0, irọ́ ni gbogbo èyí tó kù.

Ẹ ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ ìgbóná fíríìjì sí. 4, 4, 4 láti òkè délẹ̀, báírò kan náà? Ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Fíríìjì tí wọ́n ń ṣí ṣáá kì í dúró sójú kan. Bẹ́sìnì ìfọwọ́ náà ń sọ̀rọ̀: bó bá gbẹ táútáú, tí ìkòkò wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ láàárọ̀ yẹn.

Bí wọ́n bá yege, ẹ kọ ọjọ́ àyẹ̀wò gàdàgbà sára ìwé ẹ̀yẹ náà. Bí ilé oúnjẹ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ gbà á padà.