Ohun tí mo rí nínú burette mi ni mo kọ

Èsì ìdánwò jáde lọ́jọ́ Ẹtì, ara mi ò tíì rọlẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Abẹ́òkúta níbí, tẹ́ ẹ máa ń ti Ọbáńtokò tàbí Láfẹ́nwá wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ ṣèdánwò láìfẹnu kan nǹkan kan, ẹ ti mọ bí ọ̀rọ̀ practical kẹ́mísìrì ṣe ń rí.

Titration ni wọ́n fún wa, ìyẹn kéèyàn máa kán ásíìdì sínú omi kẹ́míkà mìíràn títí àwọ̀ ẹ̀ á fi yí padà. Ásíìdì wà nínú burette, ọ̀pá gíláàsì gígùn tó ní nọ́ńbà lára, tí wọ́n ń ṣí ẹnu ẹ̀ nísàlẹ̀. Sodium carbonate 0.05 mol/dm³ (bó ṣe le tó nìyẹn) la fi pipette, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn omi, fà sínú conical flask, ìgò gíláàsì tí ìdí ẹ̀ fẹ̀, 25 cm³, a kán methyl orange, aró tó ń jẹ́ ká mọ ìgbà tó bá pé, sí i. Ká wá sọ bí ásíìdì náà ṣe le tó. Pupa rúsúrúsú bí ìyeyè ló máa ń wà níbẹ̀rẹ̀, bó bá ti pé á dà bí ọsàn tó pọ́n. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ kó di pupa gan-an, ó ti kọjá nìyẹn.

Tèmi yí padà nígbà tí ásíìdì tó jáde tó 19.50 cm³. Èyí tó tẹ̀ lé e, 19.40. Ọkàn mi balẹ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ tẹ́nì kan níwájú ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "24.90 o!" Kí n tó mọ̀, nọ́ńbà yẹn ti yí láàbù ká. Ọmọkùnrin tá a jọ wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tá a máa ń pè ní Prof torí pé orí ẹ̀ pé, òun náà rí 19 pẹ̀lú ojú ara ẹ̀. Ó mú ráábà, ó pa á rẹ́. Ó ní, "Ṣé ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n ni? Gbogbo wọn ló máa ṣì í?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo le. Iná ò sí, fáànù ò yí, òógùn ń kán sórí ìwé mi. Ọ̀gá tó ń ṣọ́ wa dúró sẹ́yìn mi, ó wo nọ́ńbà mi, ó ní, "Ìwọ, ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni?" Àwọn tó gbọ́ rẹ́rìn-ín. Owó àdìrẹ tí màámi ń tà ní Ìtòkú ni mo fi san owó iléèwé, òun ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ti gbé ráábà. Mo tún wo burette náà: afẹ́fẹ́ ò há sí ẹnu ẹ̀, mo ti yọ fúnẹ́ẹ̀lì, ásíìdì náà ni mo fi ṣan án kí n tó rọ ọ́ kún, omi lásán ni mo sì fi ṣan conical flask. Níbo ni 24.90 wá fẹ́ gbà wọlé? Mo gbé ráábà sílẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n títí wọ́n fi ní ká dìde.

Èsì dé, mo yege. Ásíìdì tí wọ́n kọ́kọ́ pò ò tó, wọ́n pò mìíràn fún àwa tá a wà lẹ́yìn, èyí le jù ti iwájú lọ, ìdí nìyẹn tí díẹ̀ nínú ẹ̀ fi tó wa, kálukú ni wọ́n fi tiẹ̀ máàkì fún. Àwọn ará ẹ̀yìn tó kọ 24.90 ló ń padà wá ṣe é.

Ẹ̀kọ́ mi ni pé kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí. Ẹ fi ojú bá ìsàlẹ̀ ibi tí omi ti tẹ̀ kòtò dọ́gba kẹ́ ẹ tó kà á, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ má fi èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi dánra wò kún ìṣirò, kí ìyókù má fi ju 0.20 lọ síra wọn, àmọ́ kó jẹ́ tiyín. Ẹnì kan ti bi mí pé tí mo bá wá ṣì í ńkọ́? Ṣebí tèmi ni mo ṣì. Ẹni tó jí nọ́ńbà kọ ò lè ṣàlàyé ẹ̀ bí wọ́n bá bi í. Mi ò fi Prof ṣe yẹ̀yẹ́ o, a ṣì jọ ń jẹun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń padà lọ ṣe é, ẹ yẹ ẹnu burette wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń jò, ẹ pè wọ́n kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ kí àsìkò tó bẹ̀rẹ̀, torí lẹ́yìn ìyẹn wọn ò ní dá yín lóhùn.